Ohun Tó Bọ́ Sínú Iná Ọkọ̀: Ẹ Má Ṣe Fi Í Pamọ́

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kéré lójú. Kò ju nọ́ọ̀tì kan lọ, tàbí wáyà súpìríìngì tín-ín-rín tó ń di gílóòbù mú lẹ́yìn iná iwájú ọkọ̀. Awakọ̀ tàbí rèwáyà ń pààrọ̀ gílóòbù, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, nǹkan kékeré náà já bọ́ sínú iná. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé ọ̀gá kò sí nítòsí. Ó fi ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ há gílóòbù náà, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó nu ọwọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun méjì la fẹ́ sọ. Èkíní ni pé ohun tó bọ́ sínú iná ọkọ̀ ṣeé yọ láìfọ́ dígí, láìba iná jẹ́, bí a bá fi sùúrù ṣe é. Èkejì ni pé kì í ṣe ìwà burúkú ló ń mú òṣìṣẹ́ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́. Ẹ̀rù pé wọn yóò gé owó oṣù rẹ̀ ló ń bà á. Bí a kò bá mú ẹ̀rù yẹn kúrò, gbogbo ẹ̀kọ́ tí a bá kọ́ ara wa nípa irinṣẹ́, asán ni yóò já sí.

Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà awakọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iná iwájú ọkọ̀ jẹ́ odidi kan. Dígí iwájú, àwo tó ń dán lẹ́yìn, àti wáyà tó ń tan ìmọ́lẹ̀, gbogbo wọn wà nínú ìdì kan ṣoṣo tí ilé-iṣẹ́ ti dí pa. Sealed beam ni orúkọ rẹ̀, láti ọdún 1940 ni ó sì ti di ìlànà fún ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Bí ó bá kú, a ó yọ gbogbo rẹ̀ sọnù, a ó fi òmíràn sí i. Kò sí ohun tó lè bọ́ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gílóòbù halogen dé. Ọdún 1971 ni èyí tí a mọ̀ sí H4 jáde, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gbé èrò ní ìgboro Ìbàdàn, tó fi mọ́ ọ̀pọ̀ Micra wa, ló sì ń lò ó títí di òní. Wáàtì 60 ni fúlù rẹ̀, wáàtì 55 ni dímù rẹ̀, lórí bátìrì fóótì 12. Èyí rọ owó lára òṣìṣẹ́, nítorí pé gílóòbù nìkan là ń pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ihò ti wà lẹ́yìn iná báyìí, ibi tí ihò bá sì wà, nǹkan lè bọ́ síbẹ̀.

Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Awakọ̀ kó èrò ní Dùgbẹ̀, Challenge ló ń lọ, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó rí i pé iná apá kan ti kú. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Ring Road, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ẹnu di fóònù mú láti fi ṣe tọ́ọ̀ṣì, ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn iná níbi tí bátìrì kò ti fi àyè sílẹ̀. Ojú rẹ̀ kò rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Èrò ń kùn lẹ́yìn pé kí ó jẹ́ kí àwọn lọ. Owó délífárì tí yóò jẹ́ fún ọlọ́kọ̀ kò tíì pé. Súpìríìngì ta kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ta ni kò ní yọ̀? Bákan náà ló ń rí fún òṣìṣẹ́ inú wọ́kúṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ní kí ó parí ọkọ̀ mẹ́fà kí ilẹ̀ tó ṣú, tí gílóòbù tó wà lókè orí òun fúnra rẹ̀ kò sì tan.

Ọwọ́ tó yọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí a bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló ń di ẹ̀ṣẹ̀.

Kí ni ohun kékeré yìí ń ṣe bí a bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀? Àwo tó wà nínú iná kì í ṣe dígí gidi. Ìpele aluminium tó fẹ́lẹ́ gan-an ni wọ́n fín sára rẹ̀, òun ló sì ń kó ìmọ́lẹ̀ gílóòbù jọ tó ń dà á sí ojú ọ̀nà. Nọ́ọ̀tì tó ń yí kiri nínú rẹ̀, ní gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá bọ́ sí, ń ha ìpele yìí díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ti há kò ní dán mọ́, kò sì sí àkísà tàbí ọṣẹ tó lè dá a padà. Bí ohun tó bọ́ bá jẹ́ ike, ó lè yọ́ mọ́ gílóòbù lára, nítorí pé awọ gílóòbù halogen máa ń gbóná kọjá 250 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ 100 péré ni omi fi ń hó.

Èyí tó wá burú jù ni bí ó bá jẹ́ súpìríìngì tó ń di gílóòbù mú ló bọ́. Gílóòbù tí wọ́n fi páálí tàbí rọ́bà há kì í jókòó dáadáa. Bí ó bá fi díẹ̀ yẹ̀ ní ìjókòó rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ní balẹ̀ sí ojú ọ̀nà mọ́. Ojú awakọ̀ tó ń bọ̀ ni yóò lọ. Ẹni náà yóò fọ́jú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn sì ni ọmọ ènìyàn lè sọdá títì. Bí gílóòbù náà bá sì kú pátápátá, ọkọ̀ olójú kan ló kù. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lóru lórí ọ̀nà tí kò ní ààlà láàárín yóò rò pé ọ̀kadà ló ń bọ̀. Àyè ọ̀kadà ni yóò fi sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ ẹrù wọ ọjà Bódìjà lóru, ẹ mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá ní Àgbowó lálẹ́, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn ọmọléèwé ti ń sọdá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọkọ̀ tí ojú rẹ̀ kò pé, kò lè ṣọ́ orí ara rẹ̀, áńbọ̀tórí orí ẹlòmíràn.

Ó yá, báwo ni a ṣe ń yọ ọ́? Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìlànà tí a tò sísàlẹ̀ yìí, ẹ gé e kúrò nínú ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri wọ́kúṣọ́ọ̀bù.

Èkíní, ẹ dúró. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀nà ni, ẹ gbé ọkọ̀ lọ sí ibi tí iná wà, ẹ gbé C-Caution sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ṣe tan iná náà wò, ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ̀ gbọ̀n. Ẹ pa iná, ẹ fi gílóòbù sílẹ̀ kí ó tutù, kí ẹ sì tú orí bátìrì apá òdì, èyí tí wọ́n kọ àmì ìyọkúrò sí. Bí ọkọ̀ náà bá ń lo iná xenon, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án rárá bí kò ṣe iṣẹ́ yín. Agbára tó ń gbé e tàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ju fóótì 20,000 lọ, ó sì lè pa ènìyàn. Rèwáyà tó mọ̀ ọ́n ni kí ẹ pè.

Èkejì, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé inú iná ló bọ́ sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí a ń wá nínú iná ti já sísàlẹ̀, ó jókòó sórí ike abẹ́ ẹ́ńjìnnì tàbí ẹ̀yìn bọ́ńpà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti iwájú dígí, kí ẹnì kejì wo ihò ẹ̀yìn. Ẹ wo iná apá kejì, kí ẹ lè mọ bí ohun tó sọnù ṣe rí àti bí ó ṣe tóbi tó.

Ẹ̀kẹta, ẹ yọ gílóòbù jáde kí ó má baà fọ́. Ìdí rẹ̀ tó jẹ́ irin ni kí ẹ dì mú. Ẹ má ṣe fi ìka kan dígí gílóòbù halogen. Epo ara ìka máa ń jó mọ́ ọn, ojú kan á gbóná ju ojú kejì lọ, gílóòbù á sì tètè kú. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rẹ sínú spirit díẹ̀ nù ún.

Ẹ̀kẹrin, ẹ lo òòfà, irin tó ń fa irin. Òòfà kékeré tó wà lórí ọ̀pá tó ṣeé tẹ̀ wà lọ́jà. Ẹni tí kò bá ní in lè di òòfà kékeré tó lágbára mọ́ ẹnu wáyà, kí ó fi rọ́bà wé gbogbo rẹ̀ kí ó má baà ha àwo. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kì í bọ inú iná, ẹ fi òòfà náà wo ìkejì ohun tó bọ́. Òòfà kì í fa idẹ, bàbà, aluminium tàbí ike, ọ̀pọ̀ irin tí kì í dípẹtà ni kì í sì í fà. Ọ̀pọ̀ ló ti fi òòfà wá ohun tí òòfà kò lè rí láéláé, tí wọ́n sì fi ìbínú fọ́ iná. Bí òòfà kò bá ṣiṣẹ́, ẹ yí sẹ́lótéèpù sódì mọ́ orí ọ̀pá rírọ̀ kan, kí ojú tó ń lẹ̀ wà níta, kí ẹ sì fi orí rẹ̀ tẹ ohun náà jẹ́jẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, bí ìyẹn náà kò bá ṣe é, ẹ tú gbogbo iná náà kúrò lára ọkọ̀. Bọ́ọ̀tì díẹ̀ ni ó sábà máa ń dì í mú. Ẹ kó wọn sínú agolo kan, ẹ kà wọ́n. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ẹ da ihò iná kọ ojú aṣọ náà, ẹ máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ohun náà lè yọ̀ wá sí ẹnu ihò. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, nítorí àwo inú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibí yìí ni yóò ti jáde.

Ẹ̀kẹfà, ẹ dá súpìríìngì padà sí àyè rẹ̀, kí ẹ sì fi rọ́bà ẹ̀yìn bò ó dáadáa kí òjò má baà wọlé. Ẹ gbé ọkọ̀ kọ ojú ògiri lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ tan dímù, kí ẹ wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ méjèèjì wà ní ìpele kan náà. Ẹ ka irinṣẹ́ yín, ẹ ka bọ́ọ̀tì yín. Bí iye rẹ̀ kò bá pé, iṣẹ́ kò tíì parí.

Àwọn ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe nìyí. Ẹ má ṣe ki wáyà lásán bọ inú iná. Ẹ má ṣe da pẹtiróòlù tàbí tínà sí i láti fọ̀ ọ́. Dígí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní kì í ṣe dígí, ike ni, pẹtiróòlù àti tínà sì ń ba irú ike bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ẹ má ṣe fi sukudiráfà ṣí ojú iná. Gúmù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ooru ni wọ́n sì fi ń ṣí i; bí a kò bá mọ̀ ọ́n lẹ̀ padà, òjò àkọ́kọ́ yóò wọ inú rẹ̀, àwo yóò sì ṣá. Èyí jẹ́ iṣẹ́ ìkẹyìn, ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kí ó wà.

Bí iná náà bá sì fọ́ tán, ìyọnu mìíràn ń dúró. Iná tòkunbọ̀ tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè dọ́gba mọ́ ọkọ̀ yín gẹ́lẹ́, kí ó má sì bá ọ̀nà wa mu. Apá òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀, nítorí náà dímù iná wọn ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè sí apá òsì. Àwa ti fi apá òsì sílẹ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, apá ọ̀tún la ń gbà. Irú iná bẹ́ẹ̀ ń tàn tààrà sí ojú ẹni tó ń bọ̀. Wàhálà tó wà nínú yíyọ nọ́ọ̀tì kan kéré sí èyí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ owó. A mọ àwọn ibi iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí òṣìṣẹ́ bá lọ sọ fún fóòmánù pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nǹkan bọ́ sínú iná ọkọ̀ yìí, mo nílò ìdajì wákàtí," ìdáhùn tí yóò gbà ni pé iye owó iná tuntun yóò kúrò nínú owó oṣù rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan, gbogbo wọ́kúṣọ́ọ̀bù ti gba ẹ̀kọ́. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n ṣọ́ra ni wọ́n gbà. Ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́ ni. Láti ọjọ́ náà lọ, nọ́ọ̀tì tó bá bọ́ yóò máa bá ọkọ̀ lọ sí títì, ọ̀gá kò ní gbọ́, òun náà yóò sì máa rò pé ìyà tí òun fi jẹ wọ́n ti ṣiṣẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tó tún wá sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin ará, òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, Labour Act, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Decree 21 ti ọdún 1974, sọ̀rọ̀ yìí ní ìpín karùn-ún. Ó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn kúrò nínú owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ hùwà àìdáa, tàbí tó pa iṣẹ́ rẹ̀ tì, tí agbanisíṣẹ́ sì pàdánù nípa bẹ́ẹ̀, agbanisíṣẹ́ lè yọ iye tó bá mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n lẹ́bà ọ́físà tí ìjọba fún ní àṣẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Kí wọ́n tó yọ ọ́ ni, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Òfin kan náà tún sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ nínú oṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Nítorí náà, fóòmánù kò lágbára láti dúró sí ẹnu ọ̀nà wọ́kúṣọ́ọ̀bù kí ó máa dájọ́. Ẹni tí wọ́n bá gé owó rẹ̀ láìsí ìwé lẹ́bà ọ́físà, kí ó mú ìwé owó oṣù rẹ̀ wá bá aṣojú ẹgbẹ́ ní ibi iṣẹ́ rẹ̀.

A gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀gá ń sọ. Wọ́n ní bí kò bá sí ìtanràn, òṣìṣẹ́ yóò máa fi ohun ìní ilé-iṣẹ́ ṣeré. A kò ní sọ pé kò sí aláìbìkítà láàárín wa, ó wà. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ iná, tàbí ẹni tó yọ gílóòbù ilé-iṣẹ́ lọ tà, ẹgbẹ́ kò ní gbè é. Òfin ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún irú rẹ̀, kí wọ́n gba ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀gá wa ka owó yìí bí oníṣirò. Òṣìṣẹ́ tó sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀ gba ìdajì wákàtí lọ́wọ́ yín. Òṣìṣẹ́ tó pa ẹnu mọ́ gba odidi iná lọ́wọ́ yín lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí àwo bá ti há tán. Bí orí kò bá sì bá a ṣe, ó gba ọkọ̀ àti èrò inú rẹ̀. Èwo ló wọ́n jù?

Ẹnu awakọ̀ ló tún ń jẹ iyọ̀ rẹ̀ lójú pópó. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1977, kí Federal Road Safety Corps ti ìjọba àpapọ̀ tó dé ní ọdún 1988. Ọkọ̀ tí iná rẹ̀ kò pé jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, a kò sì sọ pé kí ó má jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé awakọ̀ tó wà nídìí ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ ìwé fún. Ọlọ́kọ̀ tó kọ̀ láti ra gílóòbù wà nílé rẹ̀, ó ń dúró de délífárì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa Micra àti dánfó fún ọlọ́kọ̀, tí ẹ kì í gba owó oṣù, ẹ lè máa rò pé ìpín karùn-ún òfin yẹn kò kàn yín. Ìdí rèé tí ẹ fi gbọ́dọ̀ bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ta ni yóò máa ra gílóòbù? Bí iná bá kú lálẹ́, ṣé délífárì ọjọ́ náà yóò dínkù? Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ìwé, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Ohun tí a kò bá sọ ní àárọ̀ ló ń di ìjà ní alẹ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ lè ní ọ̀rọ̀ awakọ̀ nìyí. Rárá o. Bọ́ọ̀tì tó bọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń yí, abẹ́rẹ́ tó já sínú ohun jíjẹ tí à ń dì, sípánà tí a gbàgbé sórí bẹ́líìtì, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn jẹ́ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì inú iná. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 2000, ní Paris, irin pẹlẹbẹ kan tí kò gùn tó ìdajì mítà já bọ́ lára ọkọ̀ òfuurufú kan sórí ilẹ̀ pápákọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Concorde ti Air France sáré gba orí irin náà kọjá. Táyà rẹ̀ bẹ́, àfọ́kù táyà lu ibi tí epo wà, iná sọ, ọkọ̀ náà sì já lulẹ̀. Ènìyàn 109 tó wà nínú rẹ̀ kú, àwọn 4 mìíràn sì kú nílẹ̀ níbi tó wó sí. Irin kékeré tí ẹnì kankan kò mọ̀ pé ó ti já ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Nítorí irú èyí ni wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn tó ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe pé kí wọ́n ka irinṣẹ́ wọn kí wọ́n tó kúrò nídìí iṣẹ́, kí ẹni tí nǹkan sì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kíákíá. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, ọpẹ́ ló yẹ kí ó gbà. Bí ìyẹn bá tọ́ fún ọkọ̀ òkè, ó tọ́ fún ọkọ̀ ilẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ kò pọ̀. Kí wọ́n fi gílóòbù àti súpìríìngì àpamọ́ sínú sítọ́ọ̀, kí wọ́n má fi kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ náà sápò lọ sílé ní agogo mẹ́rin. Kí iná tó mọ́lẹ̀ wà níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́. Òfin Ilé-iṣẹ́, Factories Act, ti ọdún 1987 ti fi ìyẹn ṣe dandan. Kí òòfà ọlọ́pàá, tọ́ọ̀ṣì àti aṣọ mímọ́ wà nínú àpótí kan ní wọ́kúṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Kí òṣìṣẹ́ tó bá sọ pé nǹkan bọ́ gba àkókò láti yọ ọ́, kí owó rẹ̀ má sì dínkù.

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ náà kò pọ̀. Bí ó bá bọ́, ẹ sọ. Bí ẹlẹgbẹ́ yín bá sọ, ẹ má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Ẹni tó mọ ọwọ́ iṣẹ́ yìí, kí ó kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, nítorí ọmọ iṣẹ́ tí à ń gbá létí nítorí nọ́ọ̀tì tó bọ́ ni yóò di ọ̀gá tó ń fi nọ́ọ̀tì pamọ́ lọ́la. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

A ó gbé ọ̀rọ̀ gígé owó yìí wá síwájú ìpàdé ẹ̀ka wa tó ń bọ̀. Kí aṣojú ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bèèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà: wọ́n ha ti gé owó ẹnì kan nítorí ohun tó bọ́ tàbí ohun tó fọ́? Lẹ́bà ọ́físà ha fọwọ́ sí i? Kí wọ́n mú ìwé rẹ̀ dání wá. Ẹnu kan ṣoṣo tó ń sọ̀rọ̀ ní iwájú ọ́fíìsì ọ̀gá, wọn yóò ní aláròyé ni. Ẹnu gbogbo ẹ̀ka tó bá sọ ọ́, wọn yóò wá àga fún wa.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́.